Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Tarkwa Bay, etíkun tó sún mọ́ wa

Ẹ̀yin ará Apápá àti Ajégúnlẹ̀, ibi tí èèyàn lè pàgọ́ sí létí òkun kò jìnnà sí wa. Tarkwa Bay wà lẹ́nu ọ̀nà omi tí ọkọ̀ òkun ń gbà wọ Apápá. Mọ́tò kò lè gbé yín débẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ni.

Kí ló dé tí omi ibẹ̀ fi pa rọ́rọ́? Ìjọba amúnisìn ló to òkúta ńláńlá sínú òkun kí iyanrìn má baà dí ọ̀nà ọkọ̀. Òkúta yẹn ló ń dá ìgbì dúró.

Ṣùgbọ́n ní January 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ará ibẹ̀ kúrò nílé, wọ́n sì wó ilé wọn. Wọ́n ní nítorí àwọn tó ń fọ́ páìpù epo ni. Ṣé gbogbo ìlú ló ń fọ́ páìpù ni? Ní 2024 ẹ̀wẹ̀, títì tí ìjọba ń ṣe láti Èkó dé Calabar gba etíkun mìíràn ní Èkó, Landmark, kọjá, wọ́n sì wó ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀.

Bí ìjọba bá fẹ́ tún Tarkwa Bay ṣe, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, omi mímu àti àwọn tí yóò máa yọ ẹni tó bá fẹ́ rì ló yẹ kó ṣáájú, kì í ṣe òtẹ́ẹ̀lì. Kí àwọn tó ń ta ẹja yíyan níbẹ̀ sì wà nínú ìpàdé tí wọ́n bá ṣe lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń lọ lópin ọ̀sẹ̀, ẹ má wọkọ̀ láìwọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń múni léfòó.