Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Pulọ́ọ̀gì Tó Sá Pamọ́ Sínú Ìjàpá

Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Volkswagen Ìjàpá wà, ọkọ̀ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó lọ́dún 1975. Pulọ́ọ̀gì mẹ́rin ló ní, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, lápá òsì síhà iwájú ọkọ̀, ló máa ń fojú mẹkáníìkì rí màbo: ó fara pamọ́, ọwọ́ kì í fẹ́ dé ibẹ̀.

Rọ́bà ni ọgbọ́n rẹ̀.

Wọ́n á ki orí pulọ́ọ̀gì tuntun bọ ẹnu họ́ọ̀sì rọ́bà kékeré, wọ́n á wá máa fọwọ́ yí i wọlé díẹ̀díẹ̀. Alumíníọ́mù ni orí ẹ́ńjìnnì yìí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi sípánà fipá de pulọ́ọ̀gì, tírẹ́ẹ̀dì inú ihò lè jẹ. Owó ńlá nìyẹn!

Ẹ̀yin ará Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, nígbà ọyẹ́, ẹ fẹ́ eruku ìdí pulọ́ọ̀gì kúrò kí ẹ tó tú u, kó má baà já sínú ẹ́ńjìnnì.