Ẹni Tí Ń Tà àti Ẹni Tí Ń Rà



Ní Ijoku níhìn-ín, ní Ṣàgámù, ta ni kò mọ òwò obì gbànja? Bí obì bá pọ̀ lọ́jà, ẹnì kan á ta tirẹ̀ kíákíá kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Ẹlòmíràn á rà á, á fi ewé tẹ́ inú agbọ̀n, á tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí obì bá wọ́n. Obì kan náà ni. Èrò wọn nípa ọ̀la ni kò dọ́gba. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ìpín ilé-iṣẹ́, tí a ń pè ní ṣíà, ṣe rí.

Kí ni ìpín? Bí ilé-iṣẹ́ bá tóbi ju agbára ẹnì kan lọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò dáwó sí i, olúkúlùkù yóò sì ní ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá pín èrè, yóò gba tirẹ̀. Bí ó bá fẹ́ tà á, alágbàtà ni yóò bá a wá ẹni tí yóò rà á, ní ọjà ìpín tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní 1961.

Ẹ wo ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Ṣàgámù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Holcim ti ilẹ̀ Switzerland kéde pé òun yóò ta ìpín òun nínú Lafarge Africa, tó ni ilé-iṣẹ́ náà, fún Huaxin ti ilẹ̀ Ṣáínà. Ìpín náà lé ní 83 nínú 100. Wọ́n parí rẹ̀ ní 2025.

Irú ìròyìn báyìí a máa dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Onípín kan á ní, “Ẹ jẹ́ kí n tà. A kò mọ ìwà ẹni tuntun. Owó gáàsì tí wọ́n fi ń sun òkúta lè gòkè. Bí ọwọ́ bá sì há, ta ni yóò kọ́lé?” Èkejì á ní, “Èmi kò tà. Ilé kíkọ́ kò ní tán ní Nàìjíríà. Ẹni tó fi owó ńlá rà á rí nǹkan níbẹ̀.”

Kò sí òmùgọ̀ nínú wọn. Bí àwọn tó fẹ́ rà bá pọ̀, iye á gòkè. Bí àwọn tó fẹ́ tà bá pọ̀, á wálẹ̀. Ó lè gòkè láìjẹ́ pé àpò sìmẹ́ńtì kan ṣoṣo lé sí i.

Ewu rẹ̀ nìyí. Ní oṣù Kẹta ọdún 2008, òṣùwọ̀n ọjà ìpín Nàìjíríà ju 66,000 lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti yá owó báńkì fi ra ìpín. Láàárín nǹkan bí ọdún kan, ó ti wálẹ̀ kò tó 20,000. Iye ìpín já, gbèsè kò já.

Bí òní ṣe rí, ọ̀la kò rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹni tó bá fẹ́ ra ìpín, kó má yáwó, kó má fọwọ́ kan owó ilé-ìwé ọmọ. Kó bi ara rẹ̀ pé, “Bí iye yìí bá di ìdajì lọ́la, ṣé ilé mi yóò dúró?” Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó lè wọ ọjà.