Áyódíìnì inú iyọ̀: ojú kò rí i, ahọ́n kò mọ̀ ọ́n

Iyọ̀ tó ní áyódíìnì àti èyí tí kò ní, bákan náà ni wọ́n rí lójú àti lẹ́nu. Ṣùgbọ́n àìtó áyódíìnì lára a máa fa gẹ̀gẹ̀. Bó bá sì ṣe aláboyún, ó lè ṣe ọpọlọ ọmọ inú rẹ̀ ní jàǹbá tí kò látùn-únṣe. Ìdí nìyí tí Nàìjíríà fi bẹ̀rẹ̀ ètò fífi áyódíìnì sí iyọ̀ lọ́dún 1993.

Nílé iṣẹ́, wọ́n a máa po potassium iodate mọ́ omi, wọn a sì fọ́n ọn sórí iyọ̀ kí ẹ̀rọ tó rò ó pọ̀. Bí ẹnu ẹ̀rọ náà bá dí, àpò kan lè máà rí nǹkan kan gbà, kí òmíràn gba àgbàjù. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ máa bu iyọ̀ yẹ̀ wò lóòrèkóòrè. Òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́, kó sì borí. Ilé ìkẹ́rù gbọ́dọ̀ gbẹ, nítorí ọ̀rinrin a máa dín agbára áyódíìnì kù.

Àjọ NAFDAC ní yàrá àyẹ̀wò oúnjẹ sí Òṣòdì, l'Ékòó. Kẹ́míkà àti sítáàṣì ni wọ́n fi ń dán iyọ̀ wò: bí áyódíìnì bá wà níbẹ̀, àwọ̀ aró ni yóò yọ. Nígbà tí iyọ̀ bá fi dé ilé ìdáná, ó kéré tán, míligíráàmù 15 ló yẹ kó wà nínú kílógíráàmù kan.

Ṣùgbọ́n ọlọ́jà tó ṣí àpò sílẹ̀ fún oòrùn àti òjò lè ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ẹ ra iyọ̀ tí wọ́n dì dáadáa, tó ní nọ́ńbà NAFDAC; ẹ dé e pa, kó sì jìnnà sí ààrò.