Ajílẹ̀, Tútù àti Kán-ún: Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta nínú Ìtọ́jú Ohun Ọ̀gbìn Inú Ìkòkò

Bí olùtúmọ̀ bá ṣi ọ̀rọ̀ kan túmọ̀ nínú ìwé ìtàn, ó lè jẹ́ pé ẹ̀rín ni òǹkàwé yóò fi ṣe. Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ túmọ̀ nínú ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀, ohun ọ̀gbìn ni yóò kú. Èyí hàn gbangba nínú ìtọ́jú ohun tí a gbìn sínú ìkòkò, sínú garawa, tàbí sínú ọ̀rá dúdú tí a fi ń tọ́jú ọmọ igi kòkó. Gbòǹgbò ohun tí a gbìn sí oko lè yà kúrò níbi tí kò bá a lára mu. Ti inú ìkòkò kò ní ibi tí yóò sá sí. Ohunkóhun tí a bá bù sí i ni yóò bá gbé. Nítorí náà, ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta wò fínnífínní.

Èkíní ni *ajílẹ̀*. Bí a bá tú u palẹ̀, ohun tí ó ń jí ilẹ̀ ni. Orúkọ náà bá ìgbẹ́ ẹran àti ewé jíjẹrà mu gan-an, nítorí pé àwọn ohun ẹlẹ́mìí tíntìntín inú ilẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ń jẹ wọ́n, kí wọ́n tó tú náítírójìn inú wọn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún gbòǹgbò. Ṣùgbọ́n ajílẹ̀ náà ni a tún ń pe èyí tí ilé-iṣẹ́ ń ṣe sínú àpò. Ní 1840, Justus von Liebig ará Jámánì tẹ ìwé kan jáde tí ó fi ṣàlàyé pé iyọ̀ inú ilẹ̀ wà lára oúnjẹ igi; ní 1909, Fritz Haber fi náítírójìn inú afẹ́fẹ́ ṣe amóníà. Láti ibẹ̀ ni ajílẹ̀ inú àpò ti gbilẹ̀. Èyí kì í jí ilẹ̀. Igi gan-an ni ó ń bọ́, ó sì ń yòrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí omi bá kàn án. Bí a bá pe èkejì yìí ní *ajílẹ̀ oníyọ̀*, tí a sì pe ti ìṣáájú ní *ajílẹ̀ jíjẹrà*, òǹkàwé kò ní bu ẹ̀kúnwọ́ ọ̀kan níbi tí ó yẹ kí ó ti bu ti èkejì.

Èkejì ni *tútù*. Ewé tútù ni èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Aṣọ tútù ni èyí tí omi wà lára rẹ̀. Omi tútù ni èyí tí kò gbóná. Bí olùtúmọ̀ bá kọ ọ́ pé ìgbẹ́ adìẹ tútù ń pa ohun ọ̀gbìn, òǹkàwé lè sá a sí oòrùn fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ó sì gbà pé ewu ti kúrò. Ewu kò kúrò. Omi nìkan ni oòrùn fà lára rẹ̀. Iyọ̀ inú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ ti ki sí i. Bí a bá bu omi sí i nínú ìkòkò, amóníà yóò jáde, yóò sì jó gbòǹgbò. Gbígbẹ kì í ṣe jíjẹrà. *Ìgbẹ́ àìjẹrà* ni ó yẹ kí a kọ. Kí ó tó jẹrà, a ní láti kó o jọ pọ̀ mọ́ ewé àti koríko, kí òkìtì náà sì gbóná dé ìwọ̀n 55 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọjọ́ bíi mélòó kan, kí kòkòrò àrùn inú rẹ̀ lè kú. Òfin Amẹ́ríkà lórí ohun ọ̀gbìn tí a kò fi kẹ́míkà ṣe tilẹ̀ pàṣẹ pé ìgbẹ́ àìjẹrà gbọ́dọ̀ ti wọ ilẹ̀ fún ọjọ́ 120 kí a tó kórè oúnjẹ tí ó ń fara kan ilẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni *kán-ún*, òun ni ó sì léwu jù. Bí àwọn ọmọ Nàìjíríà bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, pọ́táàṣì ni wọ́n ń pe kán-ún tí a fi ń se ewédú. Ìwé iṣẹ́ ọgbà Gẹ̀ẹ́sì náà a máa gbani níyànjú láti fún igi ní pọ́táàṣì. Olùtúmọ̀ tí ó bá kọ kán-ún síbẹ̀ ti sọ iyọ̀ sódíọ̀mù sínú ìkòkò, nítorí pé sódíọ̀mù ni ó pọ̀ jù nínú kán-ún. Pòtásíọ̀mù ni igi ń fẹ́. Ohun tí pọ́táàṣì túmọ̀ sí níbẹ̀rẹ̀ ni eérú inú ìkòkò, láti inú rẹ̀ sì ni Humphry Davy ti fa orúkọ pòtásíọ̀mù yọ ní 1807. *Eérú* ni ọ̀rọ̀ tí ó tọ́. Àwọn aláṣẹ-ọṣẹ wa mọ agbára eérú èèpo kòkó láti ọjọ́ pípẹ́. Ìwọ̀nba ni kí a bù, kí a má sì pò ó mọ́ ìgbẹ́ àìjẹrà, nítorí pé eérú a máa lé amóníà jáde.

Bí ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti dúró déédéé, ìtọ́ni náà kò le mọ́: ajílẹ̀ jíjẹrà ìdá kan, ilẹ̀ ìdá mẹ́ta, ihò sí ìdí ìkòkò, ẹ̀kúnwọ́ ajílẹ̀ jíjẹrà sórí rẹ̀ lóòrèkóòrè, nítorí pé omi tí ó ń ṣàn jáde nísàlẹ̀ ń gbé náítírójìn lọ. Òǹkàwé tí ó ka gbogbo èyí tí ó sì ṣe é bí ó ti tọ́ kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè pé ta ni ó túmọ̀ rẹ̀. Igi inú ìkòkò ni yóò jẹ́rìí.