Ta Ló Ni Òkè Mbe?

Bí a bá tẹ́ máàpù ìpínlẹ̀ Cross River síwájú, a ó rí ibi méjì tí ìjọba fi òfin dáàbò bò lápá àríwá, níbi tí òkè ti pọ̀ lẹ́bàá ààlà Kamẹrúùnù. Ọ̀kan ni Afi, tí ìjọba ìpínlẹ̀ sọ di ibi ààbò fún ẹranko ní ọdún 2000. Èkejì ni Okwangwo, apá kan nínú Cross River National Park tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1991. Láàárín méjèèjì ni àwọn òkè kan wà tí kì í ṣe ti ìjọba rárá. Mbe ni wọ́n ń jẹ́. Wọn ò tó 100 kìlómítà níbùú lóòró. Ìlú mẹ́sàn-án tó yí wọn ká ló ni wọ́n, wọ́n jogún wọn lọ́wọ́ baba ńlá wọn. Lójú tèmi, ibi kékeré yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ààbò igbó àgbègbè náà.

Gòrílà ni ìdí. Ìnàkí ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa pè é, ṣùgbọ́n orúkọ kan náà la fi ń pe chimpanzee, torí náà ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní gòrílà. Irú tó wà níbẹ̀, Cross River gorilla, kò sí níbòmíràn láyé àfi ní ààlà Nàìjíríà òun Kamẹrúùnù. Ní 1904 ni Paul Matschie, ará Jámánì, kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀. Nígbà kan, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti ń bẹ̀rù pé ó ti tán ní Nàìjíríà. Ìparí 1980s ni wọ́n tó tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ṣì wà. Gbogbo wọn lónìí ò tó 300, tí wọ́n fọ́n ká orí òkè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mbe ní bíi 30.

Kí ló gbé wọn dórí òkè? Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn àpáta. Ilẹ̀ tó tẹ́jú làwa èèyàn fi dáko, ibẹ̀ náà ló rọrùn fún ọdẹ. Ibi gíga tó le gùn nìkan ló kù fún wọn láti sá sí. Ṣùgbọ́n láti òkè kan dé èkejì, àfonífojì ló wà níbẹ̀, oko kòkó, oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀nà mọ́tò ló sì ń gba àfonífojì lọ.

Ẹ̀yin náà mọ bí àwọn àgbà ṣe ń wádìí ìdílé kí ọmọ méjì tó fẹ́ra. Gòrílà náà ní ètò tirẹ̀. Bí abo bá ti bàlágà, ó máa ń kúrò nínú agbo tí wọ́n bí i sí. Kì í dá rìn o. Agbo mìíràn tí wọ́n bá pàdé ló ń bá lọ, tàbí akọ kan tó ń dá rìn. Bí agbo ò bá ráyè pàdé agbo, ẹbí á máa bá ẹbí bímọ, àìlera á sì wọlé. Àwọn onímọ̀ kan kó ìgbẹ́ gòrílà jọ káàkiri, wọ́n yẹ DNA inú rẹ̀ wò, wọ́n sì tẹ èsì jáde ní 2007. Wọ́n rí àmì pé àwọn kan ṣì ń kọjá láti òkè kan sí èkejì. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo kà á, torí ó túmọ̀ sí pé afárá ò tíì já. Mbe sì ni afárá láàárín Afi àti Okwangwo.

Wọn kì í tètè bímọ. Abo á tó nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́wàá kó tó kọ́kọ́ bí, lẹ́yìn náà ó tún di bí ọdún mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdẹ tó dẹ tàkúté wáyà fún ẹtu lè má ní gòrílà lọ́kàn rárá, ṣùgbọ́n wáyà ò mọ̀yàtọ̀.

Ní 2005, ìlú mẹ́sàn-án náà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, Conservation Association of the Mbe Mountains, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Wildlife Conservation Society. Àwọn ọmọ ìlú yẹn fúnra wọn ni ẹ̀ṣọ́ igbó, àwọn ló ń tú tàkúté. Àwọn kan ní kí wọ́n kúkú fà á lé ìjọba lọ́wọ́. Èmi ò fara mọ́ ọn. Okwangwo ti wà lábẹ́ òfin láti 1991, síbẹ̀ àwọn abúlé kan ṣì wà nínú rẹ̀ gan-an, wọ́n ń dáko. Ṣé kí wọ́n wá lọ máa jẹ kí ni? Ohun tí mo máa bèèrè ni pé kí ni ìlú mẹ́sàn-án yẹn ń rí gbà? Obìnrin tó ń ṣa àpọ̀n nínú igbó àti bàálé ilé tó gbé ìbọn sílẹ̀ ló ń san owó ohun tí gbogbo ayé ń yìn.

Ní 2020, kámẹ́rà tí wọ́n so mọ́ igi ní Mbe ya àwòrán agbo kan. Ọmọ wẹ́wẹ́ mélòó kan wà nínú rẹ̀, ọjọ́ orí wọn ò dọ́gba, ọ̀kan wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Bí abo bá wà nínú wọn, kó tó di nǹkan bí 2030 á ti máa wá agbo mìíràn tí yóò bá lọ.