Àwọn Ará Sípéènì àti Àwọn Potogí ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà: Ta Ni Ó Ṣàánú Jù?

Ní ibi ìsọmọlórúkọ kan tí a pè wá sí ní àìpẹ́ yìí, lẹ́yìn tí a ti gbàdúrà tí a sì ti jẹun tán, tí ọmọbìnrin kékeré kan sì ń kó àwo kúrò níwájú wa, àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn àgbà méjì. Èkíní jẹ́ ọmọ Àgùdà, tí àwọn baba ńlá rẹ̀ ti Bahia padà wá sí Èkó. Ó ní àwọn Potogí mọ ènìyàn bá gbé, àti pé àwọn ará Sípéènì ni ìkà, nítorí pé àwọn ni wọ́n pa ọba Mẹ́síkò àti ọba Perú. Èkejì, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, dá a lóhùn pé bí ó ti wù kí ó rí, àwọn ará Sípéènì ṣe òfin láti dáàbò bo àwọn ọmọ onílẹ̀, wọ́n sì bá ara wọn jiyàn lórí rẹ̀ ní gbangba. Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà kò lójútùú, wọ́n kọjú sí wa pé kí àwa dájọ́. Àwa kò lè dáhùn ní ọjọ́ náà. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fún wa ní àyè láti wo ìwé, ohun tí ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n sì ń kà yìí ni èsì wa.

Kí a tó lè fi ìwà ẹnì kan wé ti ẹnì kejì, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí olúkúlùkù wọn bá pàdé. Ní ọdún 1492 ni Columbus, tí ọba Sípéènì rán, gúnlẹ̀ sí àwọn erékùṣù ìwọ̀ oòrùn. Ní ọdún 1494, àwọn ọba méjèèjì ṣe àdéhùn ní ìlú Tordesillas. Wọ́n fa ìlà kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ lórí òkun, ìwọ̀ oòrùn ìlà náà di ti Sípéènì, ìlà oòrùn rẹ̀ di ti Potogí. A kò pe ẹnì kan ṣoṣo nínú àwọn onílẹ̀ sí ìpàdé náà. Nígbà tí Cabral, ọmọ Potogí, dé Bràsíìlì ní ọdún 1500, ìhà tiwọn ni ilẹ̀ náà bọ́ sí.

Àwọn ará Sípéènì bá ìlú ńlá pàdé ní Mẹ́síkò àti Perú, àti ọba tí ó lágbára, àti ènìyàn púpọ̀ tí ó ti mọ́ lára láti san owó òde àti láti ṣe iṣẹ́ ọba. Nígbà tí Cortés gba Tenochtitlan ní ọdún 1521, àti nígbà tí Pizarro mú Atahualpa ní Cajamarca ní ọdún 1532, tí ó sì pa á ní ọdún kejì, ohun tí ó kù fún wọn kò ju pé kí wọ́n jókòó sórí àga ẹni tí wọ́n lé kúrò. Ní Bràsíìlì, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn Tupí ń gbé ní abúlé abúlé nínú igbó, kò sì sí ọba kan tí a lè mú kí gbogbo ilẹ̀ ti ipa bẹ́ẹ̀ bọ́ sọ́wọ́. Fún bí ọgbọ̀n ọdún àkọ́kọ́, pàṣípààrọ̀ ni àwọn Potogí ń ṣe: àwọn onílẹ̀ a gé igi pupa tí a fi ń pa aṣọ láró, àwọn Potogí a sì fún wọn ní àáké, ọ̀bẹ àti aṣọ. Ìjà kò pọ̀ ní àkókò náà. Ṣùgbọ́n ìwà pẹ̀lẹ́ oníṣòwò ni èyí, ẹni tí kò lè bínú sí oníbàárà rẹ̀. Nígbà tí ìrèké dé lẹ́yìn ọdún 1530, kò sí òmìnira ènìyàn tí yóò tẹ̀ríba nínú oko ìrèké láti àárọ̀ di alẹ́ nítorí ọ̀bẹ tí ó ti ní tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni ipá ti rọ́pò pàṣípààrọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo Sípéènì ná. Láti ọdún 1503 ni ọba ti fi àṣẹ sí ètò tí wọ́n ń pè ní encomienda. A ó fi àwọn ará abúlé kan sábẹ́ ará Sípéènì kan. Àwọn ni yóò máa ṣiṣẹ́ fún un tí wọn yóò sì máa san ìsìn, òun ni yóò sì máa dáàbò bò wọ́n tí yóò sì kọ́ wọn ní ẹ̀sìn. Wọn kì í ṣe ẹrú ní orúkọ, wọn kì í sì í ṣe ìwọ̀fà tí ó jẹ gbèsè; ṣùgbọ́n lábẹ́ ètò yìí, pẹ̀lú ìgbóná àti àwọn àrùn mìíràn tí ara wọn kò mọ̀ rí, àwọn Taíno ti erékùṣù Hispaniola fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá láàárín bí àádọ́ta ọdún.

Nínú oṣù Kejìlá ọdún 1511, ní Santo Domingo, àlùfáà Antonio de Montesinos dìde lórí àga ìwàásù, ó sì bi àwọn ọlọ́lá tí ó jókòó níwájú rẹ̀ bóyá àwọn ọmọ onílẹ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ènìyàn. Inú bí wọn gidigidi, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kọjá òkun dé etí ọba. Òfin Burgos jáde ní ọdún 1512 láti dín ìwà ìkà náà kù. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n tún ṣe ìwé kan tí ó pàṣẹ pé kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, kí a ka ọ̀rọ̀ ọba sí àwọn onílẹ̀ létí, pé bí wọ́n bá gbà láti sìn, àlàáfíà; bí wọ́n bá kọ̀, ogun àti oko ẹrú, ẹ̀bi náà sì di tiwọn. Èdè tí àwọn onílẹ̀ kò gbọ́ ni a fi ń kà á, nígbà mìíràn láti ọ̀nà jíjìn, nígbà mìíràn sí abúlé tí àwọn ènìyàn ti sá kúrò nínú rẹ̀. Akọ̀wé kan a sì dúró níbẹ̀ láti fi ọwọ́ sí i pé a ti kà á. Àwa tí iṣẹ́ ìwé kíkọ jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wa kò lè rántí akọ̀wé náà láìtijú. Kò yọ idà. Ó kàn kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà tí yóò fi dára lójú òfin ni.

Òfin tí ó lágbára jù lọ jáde ní ọdún 1542. Ó fi òpin sí kíkó àwọn ọmọ onílẹ̀ lẹ́rú, ó sì sọ pé encomienda kì yóò jẹ́ ogún fún ọmọ mọ́. Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Ní Perú, àwọn tí ń jẹ nínú ètò náà gbé ohun ìjà. Gonzalo Pizarro ni olórí wọn, wọ́n sì pa ajẹ́lẹ̀ àgbà tí ọba rán láti mú òfin náà ṣẹ, ní ọdún 1546. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀ pàápàá, ní ọdún 1545, ọba ti fa ọwọ́ sẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ ogún náà. Ní Valladolid, ní ọdún 1550 àti 1551, Bartolomé de las Casas àti ọ̀mọ̀wé Sepúlveda jiyàn níwájú ìgbìmọ̀ ọba bóyá ó tọ́ láti fi ogun ṣẹ́gun àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ìgbìmọ̀ náà kò sì dá ẹjọ́ kan. Ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, ajẹ́lẹ̀ àgbà Toledo ṣètò mita, tí ó ń fi ipá kó ìdá kan nínú méje àwọn ọkùnrin láti àwọn agbègbè òkè Perú lọ wa fàdákà ní Potosí. Ètò yìí kò kásẹ̀ nílẹ̀ títí di ọdún 1812.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn Potogí. Ní ọdún 1549 ni gómìnà àkọ́kọ́, Tomé de Sousa, dé láti tẹ ìlú Salvador dó ní Bahia. Manuel da Nóbrega àti àwọn àlùfáà Jésúìtì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì bá a wá. Àwọn àlùfáà yìí kó àwọn onílẹ̀ jọ sí abúlé tí àwọn ń ṣàkóso kí ọwọ́ àwọn olóko má bàa tẹ̀ wọ́n. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n bí àwọn ènìyàn ti ń gbé pọ̀ súnmọ́ra bẹ́ẹ̀, ìgbóná rọrùn láti tàn láàárín wọn, ó sì pa wọ́n lọ́pọ̀lọpọ̀ ní ọdún 1562 àti 1563.

Ọba Potogí pẹ̀lú ṣe òfin. Ní ọdún 1570 ó sọ pé òmìnira ni àwọn ọmọ onílẹ̀, àfi àwọn tí a bá mú nínú ogun tí ó tọ́. Ẹ kíyè sí gbólóhùn náà, nítorí pé ẹni tí ó fẹ́ ẹrú ni yóò sọ bóyá ogun tọ́ tàbí kò tọ́. Ní ọdún 1609, nígbà tí ọba kan náà ń jọba lórí Sípéènì àti Potogí, òfin jáde pé gbogbo wọn pátápátá ni ó di òmìnira. Àwọn olóko fi ariwo dáhùn, nígbà tí ó sì di ọdún 1611 òfin mìíràn dá ilẹ̀kùn ogun tí ó tọ́ padà sí ṣíṣí. Láti ìlú São Paulo ni àwọn ọmọ ogun tí a ń pè ní bandeirantes ti ń jáde lọ kó ènìyàn. Láàárín ọdún 1628 sí 1632 wọ́n kọlu àwọn abúlé Guaraní tí àwọn Jésúìtì Sípéènì dá sílẹ̀ ní Guairá, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà títí di ọdún 1641, nígbà tí àwọn Guaraní fúnra wọn fi ọkọ̀ ojú omi àti ìbọn pàdé wọn ní Mbororé, àti pẹ̀lú ìbọn ńlá tí wọ́n fi ọparun ṣe tí wọ́n sì fi awọ màlúù wé, wọ́n sì lé wọn padà. Òfin ọba méjì kò lè gba àwọn ènìyàn náà tó bí wọ́n ti gba ara wọn.

Àlùfáà António Vieira dé Maranhão ní ọdún 1653, ó sì wàásù líle sí àwọn tí ń kó àwọn onílẹ̀ lẹ́rú. Ní ọdún 1661 àwọn ará ìlú lé òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde. Títí di ọdún 1808 pàápàá, adelé ọba Potogí tí ó ti sá wá sí Bràsíìlì tún kéde ogun sí àwọn Botocudo, ó sì fún àwọn tí ó bá mú wọn ní àṣẹ láti fi wọ́n ṣiṣẹ́ fún iye ọdún kan.

Nítorí náà, èsì wa sí àwọn àgbà méjèèjì nìyí. Ọ̀rọ̀ Sípéènì pọ̀ ju ti Potogí lọ, òfin rẹ̀ pọ̀ jù, àríyànjiyàn rẹ̀ sì ṣe kedere jù. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ méjèèjì, ọwọ́ ẹni tí ń jẹ èrè iṣẹ́ náà ni a fi òfin àánú sí kí ó mú un ṣẹ. Bí a bá rí i lónìí pé èdè Guaraní jẹ́ èdè ìjọba ní Paraguay lábẹ́ òfin ọdún 1992, tí àwọn tí ń sọ èdè Quechua sì jẹ́ ọ̀kẹ́ àìmọye, tí àwọn ọmọ onílẹ̀ tí a kà ní Bràsíìlì ní ọdún 2022 kò sì pé 1,700,000, èyí tí kò tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún, kí a má ṣe pe èyí ní àánú Sípéènì. Sípéènì kan náà ni àwọn Taíno fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lábẹ́ rẹ̀. Ibi tí àwọn ènìyàn ti pọ̀ jù, ni àwọn tí ó ṣẹ́kù ti pọ̀ jù.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwọn àgbà wa méjèèjì kò mẹ́nu bà, bẹ́ẹ̀ ni ó kàn wá jù lọ. Nígbà tí Las Casas ń wá ọ̀nà láti gba àwọn ọmọ onílẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1516, ó dámọ̀ràn pé kí a kó ẹrú láti ibòmíràn wá rọ́pò wọn, àwọn ènìyàn dúdú pẹ̀lú. Vieira pẹ̀lú, tí ó jà fún àwọn onílẹ̀ Maranhão, ní kí a kó àwọn ará Áfíríkà wá. Ẹrù tí wọ́n sọ̀ kúrò ní orí ẹnì kan, orí wa ni wọ́n gbé e lé. Àwọn tí a kó dé Bràsíìlì láti Áfíríkà sún mọ́ 5,000,000. Nígbà tí Ọ̀yọ́ wó, tí ogun sì gba ilẹ̀ wa kan, àwọn ènìyàn wa kún inú wọn. Ní Bahia a ń pè wọ́n ní Nàgó, ní Kúbà Lùkùmí. Kí a sọ òtítọ́: ọwọ́ àwọn jagunjagun tiwa wà nínú títà wọn. Oko ẹrú kò dópin ní Kúbà títí di ọdún 1886, àti ní Bràsíìlì títí di ọdún 1888.

Las Casas ronú pìwà dà. Nínú ìtàn ńlá tí ó kọ, ó jẹ́wọ́ pé bí kíkó àwọn ọmọ onílẹ̀ lẹ́rú ti jẹ́ àìṣòótọ́, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti àwọn ènìyàn dúdú. Ó kú ní ọdún 1566. A kò tẹ ìwé náà jáde títí di ọdún 1875.

Àwọn baba wa ní ọ̀rọ̀ kan: ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, igbe ta, ẹrú ṣe ọmọ rí ní ilé ìyá rẹ̀. Àwa rò pé ọ̀rọ̀ yìí ni ó yẹ kí ìgbìmọ̀ Valladolid fi dá ẹjọ́ rẹ̀. Ó sì yẹ kí àwa náà fi dá ẹjọ́ ní ilé wa. Nígbà tí a dé ilé ní alẹ́ ìsọmọlórúkọ náà, a rántí ọmọbìnrin tí ń kó àwo níwájú wa. Ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Àwọn ọmọ ilé ti lọ sùn, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ wà ní ọjọ́ kejì, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ìyá wọn kò fẹ́ kí iṣẹ́ alẹ́ pa wọ́n lára. Àwa tí a jókòó níbẹ̀ tí a ń dá Sípéènì àti Potogí lẹ́jọ́, kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó béèrè bóyá ilé ẹ̀kọ́ wà fún òun náà ní ọjọ́ kejì. A ti ránṣẹ́ láti béèrè báyìí. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà lábẹ́ òrùlé yín, a bẹ̀ yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín ní alẹ́ òní.