D'Tigress: Abo Ẹkùn Tó Gba Ife Áfíríkà Nígbà Méje

Ẹ ní kí ọmọ ilé-ìwé kan ní Odò-Ọwá, ní ìpínlẹ̀ Kwárà, dárúkọ agbábọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́wàá, yóò kà wọ́n láìmí. Ẹ wá ní kó dárúkọ ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwọn obìnrin Nàìjíríà tó ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀, á dákẹ́ lọ gbáà. Ó dùn mí pé bẹ́ẹ̀ ló rí, nítorí kò sí ikọ̀ obìnrin mìíràn ní Áfíríkà tó tó tiwa lásìkò yìí.

D'Tigress ni wọ́n ń pe ikọ̀ náà. Ife AfroBasket méje ló ti bọ́ sọ́wọ́ wọn: Maputo ní 2003, Àbújá ní 2005, Bamako ní 2017, Dakar ní 2019, Yaoundé ní 2021, Kigali ní 2023, àti Abidjan ní 2025. Márùn-ún ìgbẹ̀yìn tẹ̀léra wọn ni. Senegal nìkan ló ṣì jù wọ́n lọ, mọ́kànlá ni tiwọn, àmọ́ Senegal yìí kan náà ni àwọn ọmọ wa lù ní àṣekágbá 2017, 2019 àti 2023. Ti 2019 ló dùn mọ́ mi jù lọ: ní Dakar, nínú ilé Senegal gan-an, 60 sí 55. Mali ni wọ́n nà ní 2021, 70 sí 59, wọ́n sì tún nà án ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ ọdún 2025, 78 sí 64.

Lóde àgbáyé, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi gòkè. Ní Òlíḿpíìkì Athens 2004, wọ́n na South Korea 68 sí 64, àwọn ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó jáwé olúborí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ ní Òlíḿpíìkì. Ní ife àgbáyé 2018 ní Tenerife, wọ́n na Turkey, Argentina àti Greece, wọ́n dé kọ́tà-fáínà, ipò kẹjọ ni wọ́n sì parí sí. Ní Òlíḿpíìkì Tokyo, wọn ò borí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kankan.

Ọdún 2022 ni ọgbẹ́ tí n kò tíì gbàgbé. Ìjà ti pọ̀ nínú àjọ tó ń darí eré náà nílé, ìjọba àpapọ̀ sì kéde ní oṣù karùn-ún pé Nàìjíríà yọwọ́ nínú ìdíje òkèèrè fún ọdún méjì. Wọ́n yí ìpinnu náà padà nígbà tó yá, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́: FIBA, àjọ tó ń darí eré náà lágbàáyé, ti fi Mali rọ́pò wa ní ife àgbáyé tó wáyé ní Sydney. Àwọn ọmọbìnrin tó fi òógùn wá àyè náà kò bá ẹnikẹ́ni jà, síbẹ̀ àwọn ló jìyà rẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Rena Wakama gba ìdarí ikọ̀ náà. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí i, òun fúnra rẹ̀ sì ti gbá bọ́ọ̀lù fún Nàìjíríà rí. Ní Kigali, ó di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gba ife AfroBasket. Lẹ́yìn náà ni Òlíḿpíìkì Paris 2024 dé. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje tí wọ́n ṣí ìdíje, àwọn obìnrin yìí kò rí àyè nínú ọkọ̀ ojú omi tó gbé àwọn eléré ìdárayá Nàìjíríà. Ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n na Australia 75 sí 62. Ezinne Kalu nìkan ju àmì 19 sínú apẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ikọ̀ yìí ṣe ń ṣẹ́gun, kó wo ìdá kẹta ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn pẹ̀lú Canada ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ. Canada ló wà níwájú nígbà tí wọ́n lọ sinmi. Nígbà tí wọ́n padà dé, ibi yòówù tí Canada bá gbé bọ́ọ̀lù gbà, ọmọ Nàìjíríà kan ti wà níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti gùn síwájú: wọ́n ń já a gbà, wọ́n ń gbọ̀n ọ́n dànù, wọ́n sì ń sáré gbé e lọ sódì kejì. Ní odindi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àmì mẹ́ta péré ni Canada rí, tiwa jẹ́ 23. Àbọ̀ rẹ̀: 79 sí 70. Kò tíì sí ikọ̀ bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ Áfíríkà kankan, ọkùnrin tàbí obìnrin, tó dé kọ́tà-fáínà Òlíḿpíìkì rí títí di ọjọ́ yẹn. Amẹ́ríkà ló dá wọn dúró, 88 sí 74, àmọ́ Wakama ni wọ́n yàn ní akọ́nimọ̀ọ́gbá tó pegedé jù nínú ìdíje àwọn obìnrin náà.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́ eré yìí. Elizabeth Balogun, tí wọ́n bí ní Èkó, ṣì wà ní ọ̀dọ́ nígbà tó kọjá sọ́hùn-ún, ó sì gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì Duke. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, wọ́n wá láti ọ̀nà jíjìn láti wọ ẹ̀wù wa. Síbẹ̀, Kwárà kì í ṣe àjèjì sí eré yìí: Kwara Falcons ló ṣojú Nàìjíríà nínú ìdíje Basketball Africa League ní 2023. Ọkùnrin ni wọ́n, Ìlọrin sì ni ibùdó wọn. Àwọn ọmọbìnrin Odò-Ọwá àti Ìlọfà náà ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀.

Fún ilé-ìwé tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò nìyí. Pápá náà gùn ní mítà 28, ó fẹ̀ ní mítà 15, ilẹ̀ rẹ̀ ní láti le kó sì tẹ́jú, kí bọ́ọ̀lù lè ta padà sọ́wọ́. Òrùka irin apẹ̀rẹ̀ ga ní mítà 3.05 láti ilẹ̀, inú rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 45. Bọ́ọ̀lù àwọn obìnrin ni nọ́ńbà 6, ó kéré díẹ̀ sí nọ́ńbà 7 tí àwọn ọkùnrin ń lò. Ènìyàn márùn-ún ló ń wọlé fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìdá mẹ́rin oníṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n sì ń gbá a.